Obìnrin tí a fi Dógò: Bí Ọ̀daràn Ṣe Di Olùfẹ́ nínú Ìtàn Àròsọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní yunifásítì ni ó fi ìwé kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. "Àǹtí," ni ó wí, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí ìwé tí kò ṣe é kà, ẹ ka èyí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ fún mi." Orúkọ ìwé náà ni Reaper's Property. Joanna Wylde ni ó kọ ọ́, ọdún 2013 ni ó sì jáde ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á tán. Kí n má purọ́, n kò lè gbé e sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú mi kò sì dùn sí ohun tí mo ń kà. Nítorí pé n kò mọ bí nǹkan méjèèjì wọ̀nyí ṣe lè wà pọ̀ nínú ọkàn ènìyàn kan ṣoṣo ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tọpasẹ̀ ìtàn tí ó bí ìwé náà.

Kí ọ̀rọ̀ wa tó jinlẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ìwé yìí kì í ṣe èyí tí a lè gbé lé ọmọ iléèwé gírámà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti ìwà ipá kún inú rẹ̀, àgbàlagbà ni a sì kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kò gbọ́ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Nígbà tí èmi wà ní iléèwé, abẹ́ tábìlì ni a ti ń ka ìwé Mills & Boon, a ó sì fi bébà bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí olùkọ́ lè rò pé ìwé ìṣirò ni. Lóde òní, fóònù ni ó gba ipò bébà yẹn.

Àhunpọ̀ ìtàn náà kò díjú. Marie ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí ń lù ú, ó sì ń gbé pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ tí ń jẹ́ Jeff. Jeff ń bá ẹgbẹ́ oníalùpùpù kan, Reapers, ṣe iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ owó, ó sì jí nínú owó náà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fa olè lé ọlọ́pàá lọ́wọ́; ikú ni ìdájọ́ wọn. Ọkùnrin kan nínú wọn tí wọ́n ń fi inagijẹ Horse pè, tí ojú rẹ̀ ti wà lára Marie tẹ́lẹ̀, ni ó mú àbá wá: kí Marie tẹ̀lé òun lọ sílé òun, kí wọ́n lè fún Jeff láàyè láti wá owó náà san. Marie tẹ̀lé e. Kí ìwé tó parí, ọ̀rọ̀ ti di ìfẹ́. Marie wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́yìn pé ohun ìní Horse ni òun, ohun iyì ni ó sì ka ẹ̀wù náà sí. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti mú àkọlé ìwé rẹ̀.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá ẹ̀rù kò bà á nígbà tí wọ́n wá mú Marie lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò lè ṣe é ní nǹkan kan, Àǹtí. Ṣebí wọ́n máa padà fẹ́ra wọn ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé mo bi í bóyá oòrùn yóò yọ lọ́la. Ìdánilójú yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ta ni ó fi ọkàn òǹkàwé balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Báwo ni ọkùnrin tí ó lè pa ènìyàn nítorí owó ṣe wá di ẹni tí a mọ̀ dájú pé yóò ṣe ọkọ rere? Bí a bá wo ìtàn dáadáa, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni ó pàdé lára Horse. Ọ̀kan ti títì Amẹ́ríkà wá, èkejì sì ti inú ìwé àtijọ́ wá.

Ọ̀nà kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Hollister ní ìpínlẹ̀ California. Ní àsìkò àjọ̀dún òmìnira Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 1947, àwọn oníalùpùpù tí iye wọn tó 4,000 ya wọ ìlú náà láti wo eré ìje. Ọdún méjì péré ni Ogun Àgbáyé Kejì fi parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tí ó ti ojú ogun dé kò tíì rí ibi jókòó sí nínú ayé àlàáfíà, alùpùpù tí ìjọba kó jáde lẹ́yìn ogun sì pọ̀ lọ́jà. Ọlọ́pàá ìlú Hollister kò ju méje lọ. Àwọn àlejò mutí yó, wọ́n sáré àsápajúdé láàrin ìgboro, wọ́n sì fọ́ ìgò kálẹ̀. Wọ́n mú bí àádọ́ta ènìyàn, àwọn kan fara pa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú, ìlú náà kò sì jóná.

Ohun tí ó sọ Hollister di ìtàn ni fọ́tò kan ṣoṣo. Ìwé ìròyìn Life gbé e jáde ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún náà: ọkùnrin kan tí ó sanra jókòó lórí alùpùpù, ìgò ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò sì kún ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni àwọn tí ó ya fọ́tò kó ìgò jọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà gun orí alùpùpù tí kì í ṣe tirẹ̀. Yálà bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà rí. Àwọn tí kò rí oníalùpùpù kan rí bẹ̀rẹ̀ sí tilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé gbà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1951, Frank Rooney tẹ ìtàn kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Harper's, ó sì pè é ní "Cyclists' Raid". Ìtàn bàbá kan tí ó ní ilé ìtura ni. Àwọn oníalùpùpù ya wọ ìlú rẹ̀, wọ́n ń mutí, wọ́n ń sáré, títí wọ́n fi gun alùpùpù wọnú ilé ìtura náà. Ọmọbìnrin bàbá yìí, Cathy, ni alùpùpù pa. Kò sí ìfẹ́ nínú ìtàn náà. Ọmọ kú, bàbá sì kù pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn àti ìbínú tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Mo rọ̀ yín kí ẹ fi orúkọ ọmọbìnrin yẹn sọ́kàn. Ní ìparí ọdún 1953, fíìmù The Wild One jáde. Stanley Kramer ni ó gbé e jáde, László Benedek ni olùdarí rẹ̀, Marlon Brando sì ni ó ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Johnny. Inú ìtàn Rooney ni wọ́n ti mú fíìmù náà. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọbìnrin inú rẹ̀! Orúkọ rẹ̀ di Kathie, bàbá rẹ̀ di ọlọ́pàá tí kò lágbára, òun fúnra rẹ̀ sì ń ta oúnjẹ àti ọtí ní ilé ìtajà kan. Alùpùpù kò pa á mọ́. Lẹ́yìn alùpùpù ni ó jókòó sí. Ó rí i pé ìbànújẹ́ ni ó wà lábẹ́ ìbínú Johnny. Bàbá arúgbó kan ni ó wá kú dípò rẹ̀. Ní ìparí, Johnny padà wá, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó rọra gbé ife ẹ̀yẹ kan fún Kathie, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ife ẹ̀yẹ náà pàápàá, jíjí ni wọ́n jí i.

Láàrin ọdún mẹ́ta péré, ọmọ tí wọ́n pa ti di ọmọ tí ó nífẹ̀ẹ́ ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù. N kò tíì rí ibòmíràn tí ìyípadà yìí ti hàn gbangba tó báyìí. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ń tan ni jẹ. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé bàbá tí ń sunkún ọmọ kò lè fa èrò wọ sinimá tó ẹwà Brando nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ. Ìjọba kọ́ ni ó máa ń bá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò ni, àwọn náà sì kọ̀ kí wọ́n fi The Wild One hàn níbẹ̀ títí di ọdún 1967. Ẹ̀rù tí wọ́n ń bà ni pé àwọn ọ̀dọ́ yóò fẹ́ràn Johnny ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ti pẹ́ jù; jákẹ́ẹ̀tì náà ti dé ìgboro kí fíìmù tó dé.

Kí wá ni àwọn ẹgbẹ́ gidi ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ọdún 1948 ni Hells Angels bẹ̀rẹ̀ ní California. Akọ̀ròyìn Hunter S. Thompson bá wọn rìn fún nǹkan bí ọdún kan, ìwé tí ó kọ nípa wọn sì jáde ní ọdún 1967. Nínú ìwé náà a rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ka ohun tí ìwé ìròyìn kọ nípa wọn, tí inú wọn sì ń dùn pé wọ́n ti di ẹni tí a ń bẹ̀rù. Àwọn kan lára wọn lu Thompson fúnra rẹ̀ ní àlùbolẹ̀ ní ọdún 1966. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1969, níbi eré orin ńlá kan ní Altamont, níbi tí wọ́n ti pè wọ́n láti ṣọ́ orí ìtàgé, ọ̀kan nínú wọn gún Meredith Hunter lọ́bẹ pa, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìbọn wà lọ́wọ́ Hunter, ilé ẹjọ́ sì dá ẹni tí ó gún un sílẹ̀ ní ọdún 1971 pé ó ń dáàbò bo ẹ̀mí ni. Fíìmù ká ikú náà sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò ó. Kò sí ẹ̀rín músẹ́ kankan níbẹ̀.

Obìnrin kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nínú irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Wọn kì í dìbò, wọn kì í jókòó sí ìpàdé. Ẹ̀wù tí a kọ "ohun ìní" sí kì í ṣe àròsọ Wylde. Ó wà lóòótọ́. Àmọ́ ìtàn alùpùpù ní Amẹ́ríkà gbòòrò ju ti àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ. Ní ọdún 1916, ọmọ ìyá méjì, Augusta àti Adeline Van Buren, gun alùpùpù tiwọn láti etíkun kan Amẹ́ríkà dé èkejì. Ní ọdún 1940, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ Motor Maids sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì ń gun alùpùpù fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá East Bay Dragons sílẹ̀ ní Oakland ní ọdún 1959. Mo wá àwọn ènìyàn wọ̀nyí títí nínú irú ìtàn ìfẹ́ tí a ń sọ yìí, n kò rí wọn. Ẹ̀yìn ọkùnrin ni obìnrin máa ń jókòó sí nínú rẹ̀, ọkùnrin náà sì sábà máa ń jẹ́ òyìnbó.

Nítorí náà, títì nìkan kọ́ ni ó bí Horse. Ó yẹ kí a padà sí ọdún 1740, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí alùpùpù tó wà láyé rárá. Ní ọdún náà, atẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Richardson, kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Pamela. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Pamela, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ bá a lò pọ̀, Pamela kọ̀, ọ̀gá náà sì jí i gbé lọ sí ilé rẹ̀ mìíràn tí ó jìnnà, ó sì fi ìríjú obìnrin ṣọ́ ọ níbẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n àti ipá ni ó lò. Nígbà tí ó ka àwọn lẹ́tà tí Pamela ń kọ, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó sì fẹ́ ẹ níyàwó. Àwọn ènìyàn ra ìwé náà bí ẹni ra iṣu lásìkò ọdún. Kò pé ọdún kan tí Henry Fielding fi kọ Shamela, ó ń fi Pamela ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọgbọ́n ọjà ni ìwà mímọ́ rẹ̀. Ẹ yọ ilé ọlọ́lá kúrò, kí ẹ fi ilé ẹgbẹ́ oníalùpùpù dípò rẹ̀, ẹ ó rí Marie níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni ohun tí Richardson fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ó jọ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí èrò pé ìkà tí ó bá rí obìnrin rere yóò di ọkọ rere. Láàrin ọdún 1747 sí 1748 ó tẹ Clarissa jáde, ìwé gígùn kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì pàápàá máa ń mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Lovelace, ọkùnrin inú rẹ̀, lẹ́wà, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì gbọ́n. Ó tan Clarissa kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó tì í mọ́lé, ó fún un ní oògùn oorun, ó sì fi ipá bá a lò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá fẹ́ gbé e níyàwó. Clarissa kọ̀. Ó kú, Lovelace náà sì kú nínú ìjà onídà.

Bí ìwé náà ṣe ń jáde ní ìdìpọ̀ ní ìdìpọ̀, àwọn òǹkàwé ń fura sí ibi tí ó ń lọ, wọ́n sì ń bẹ Richardson. Ìyáàfin Bradshaigh, obìnrin ọlọ́lá kan, kọ lẹ́tà sí i ní ọdún 1748 pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí Clarissa kú, kí ó yí Lovelace lọ́kàn padà, kí ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Richardson kọ̀. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ìjà yẹn, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò yí ìparí ìwé rẹ̀ padà.

Èmi kò lè fi Ìyáàfin Bradshaigh ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ni ìyá ńlá gbogbo àwa tí a ń ka irú ìwé yìí. Ó mọ ohun tí Lovelace ṣe, kò sì sọ pé ó dára. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ìyà tí ó ti jẹ ọmọ náà má ṣe já sí asán. Bí Lovelace bá lè yí padà, a jẹ́ pé ìyà náà rí èrè. Èrò yìí lágbára púpọ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú ẹni tí ń fìyà jẹ ni ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Richardson rí i pé kò sí ẹni tí ó ṣèlérí ìyípadà Lovelace fún Clarissa. Òǹkàwé nìkan ni ó rò pé òun rí ìlérí.

Lẹ́yìn náà, àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀lé Pamela pọ̀ ju àwọn tí ó tẹ̀lé Clarissa lọ. Ní ọdún 1919, E. M. Hull kọ The Sheik, níbi tí ọkùnrin aṣálẹ̀ kan ti jí ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì gbé, tí ó fi ipá bá a lò pọ̀, tí ọmọbìnrin náà sì wá fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìparí ni wọ́n wá sọ fún wa pé kì í ṣe Árábù rárá, ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ọkàn àwọn òǹkàwé ìgbà náà lè balẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó àròkọ kan lọ́tọ̀.) Ní ọdún 1972, The Flame and the Flower tí Kathleen Woodiwiss kọ mú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ padà wá ní Amẹ́ríkà, ọjà rẹ̀ sì tà gan-an.

Lámèyítọ́ Janice Radway lọ bá àwọn obìnrin òǹkàwé fúnra wọn, ìwé tí ó kọ, Reading the Romance, sì jáde ní ọdún 1984. Àwọn obìnrin náà sọ fún un pé àwọn kì í fẹ́ ìwé tí ìwà ìkà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé ìwé kíkà nìkan ni àkókò tí ó jẹ́ tiwọn nínú ọjọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wọ́n pé kí wọ́n wá gbé oúnjẹ. Radway bọ̀wọ̀ fún èyí, ó sì tún rí ewu níbẹ̀: irú ìtàn wọ̀nyí ń kọ́ òǹkàwé láti túmọ̀ ìrorò ọkùnrin sí ìfẹ́ tí kò mọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀.

Eré orí tẹlifíṣàn Sons of Anarchy, tí wọ́n fi hàn láti ọdún 2008 dé 2014, ni ó tún mú oníalùpùpù padà sójú gbogbo ayé. Ìwé orí ẹ̀rọ sì ti wà nígbà náà, tí ènìyàn lè rà láìsí pé ẹnikẹ́ni rí ẹ̀yìn ìwé. Motorcycle Man tí Kristen Ashley kọ jáde ní ọdún 2012, ti Wylde tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sì rọ́ dé. Ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Nínú Sons of Anarchy, Tara, ìyàwó olórí ẹgbẹ́, oníṣègùn tí ó kàwé, tí ó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá kúrò nínú ayé náà, ikú ni wọ́n pa á, inú ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ikú náà sì ti wá. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ mú jákẹ́ẹ̀tì inú eré náà, wọ́n fi òkú Tara sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe sí Cathy ní ọdún 1953 náà nìyẹn.

Mo ti sọ pé n kò lè gbé ìwé Wylde sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù Marie jọ ti ènìyàn gidi, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ tí ń lù ú fara hàn, òǹkọ̀wé náà kò fi ọ̀rọ̀ bo ìwà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ó ti ṣe mí bákan ni ibi tí a ti gbé ọkọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Horse, kí a lè sọ pé ẹ wò ó, ẹni burúkú nìyí, ẹni rere nìyẹn. Ẹni rere yẹn ni ó fi ẹ̀mí arákùnrin obìnrin dúnàádúrà.

Fún Yorùbá tí ó ń ka ìwé náà, orúkọ wà fún dúnàádúrà yẹn. Ńṣe ni wọ́n fi Marie dógò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé ìwọ̀fà, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Bí ẹnì kan bá yá owó, ó lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san án. Àwọn òpìtàn sì ti fi hàn pé olówó lè fẹ́ ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀, kí gbèsè náà sì di owó ìdána. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ Marie gan-an nìyẹn: gbèsè arákùnrin di ìgbéyàwó arábìnrin.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin ìwọ̀fà. Ìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé gbèsè ni. Lójú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń ka owó náà, ìdílé sì mọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kí ọmọ wọn tó padà sílé. Kò sí ẹni tí ó pe dógò ní ìfẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó má bàa hàn. Nínú Reaper's Property, bí ìfẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń pòórá kúrò lójú òǹkàwé, títí tí a kò fi rántí mọ́ pé ọjọ́ tí Marie wọ ilé náà, kò lè sọ pé rárá. Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí Horse kò bá ṣe ẹni tí a ó fẹ́ràn, kí ni ìbá yí padà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Kò sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìbá sọ, ẹ̀rù kan náà ni ìbá ba obìnrin náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti Marie nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí àwòrán ẹ̀yìn ìwé, ó mọ irú ìwé tí ó jẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ìparí aláyọ̀ sínú ìtumọ̀ ohun tí à ń pè ní ìtàn ìfẹ́. Ó ń bẹ̀rù lábẹ́ òrùlé tí kò jò. Marie kò rí ẹ̀yìn ìwé kankan.

Mo sọ gbogbo èyí fún un ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí a jókòó síta. Mo sọ ìtàn Cathy fún un, mo sọ ti Ìyáàfin Bradshaigh. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí a máa ka ìwé tí wọ́n ti ń pa obìnrin nìkan ni? Nínú ìròyìn, wọ́n ń pa wọ́n. Nínú ìwé tí ẹ fi kọ́ wa níléèwé, wọ́n ń pa wọ́n. Ibi tí kò ti ní kú ni mò ń wá lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lẹ́nu. N kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé Wuthering Heights tí Emily Brontë kọ ní ọdún 1847 fún un, mo sì fi bébà há ojú ìwé tí Isabella ti ń kọ lẹ́tà láti ilé Heathcliff, òun tí ó ti ka ọkùnrin náà sí akọni inú ìtàn ìfẹ́ kí ó tó bá a sá lọ. Mo ní kí ó ka ibẹ̀ kí ó tó ka ìyókù. Ó gbé ìwé náà lọ nígbà tí ìsinmi parí, kò sì tíì dá a padà.